Kọ́ìlì tí Òùngbẹ Ń Gbẹ

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ẹ kúkú mọ̀ pé kọ́ìlì fépù, sìgá oníbátìrì yẹn, ni mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òṣogbo. N óò yí wáyà tín-ín-rín mọ́ ara súkúrùdíráfà, n óò ki òwú sí i láàárín, n óò wá kán omi olóòórùn dídùn sórí òwú náà kí èéfín rẹ̀ lè dùn lẹ́nu. Ẹ sì mọ Ìbídùn, tó jẹ́ pé bó bá ti gbé táńkì fépù rẹ̀ wọlé báyìí, mi ò ní mọ ibi tí mo fi ọwọ́ mi sí mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní òun máa dán kọ́ìlì tèmi àti ti Sùbèrú, tó wà lódìkejì títì, wò, ẹni tí tiẹ̀ bá dùn jù lòun á máa bá ṣe. Kọ́ìlì ló ń sọ. Ìgbéyàwó lèmi gbọ́.

Bí mo ṣe sùn lọ lórí àga, mo rí ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń léfòó lókè òrùlé wa, wáyà mi ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Mo gun wáyà náà lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò nu bàtà mi.

Ìbídùn jókòó sínú ọ́fíìsì náà, òwú funfun ni wọ́n fi rán aṣọ ìyàwó fún un. Ọ̀gá kan tó wọ táì ń fi téèpù télọ̀ wọn kọ́ìlì.

"Ìyípo mélòó ni tìrẹ?"

"Méje, sà."

"Mẹ́jọ ni ti Sùbèrú."

"Ṣùgbọ́n ìfẹ́ wà nínú tèmi, sà."

Ó yẹ fọ́ọ̀mù wò níwá lẹ́yìn. "Wọn ò fi àyè ìfẹ́ sílẹ̀ níbí."

Ni kọ́ìlì mi bá fà mí láṣọ. "Ọ̀gá mi, òùngbẹ ń gbẹ mí. Òwú inú mi ò tíì mu nǹkan kan."

"Panu mọ́, Ìbídùn ń wò wá."

"Ó ń wò ẹ́ lóòótọ́. Ọ̀fun ẹ̀ lo sì fẹ́ jó yìí."

Mo ki kọ́ìlì náà bọ inú fépù Ìbídùn. Mo tẹ bọ́tìnì. Òórùn aṣọ tó jóná gba gbogbo ibẹ̀. Ìbídùn wúkọ́, ọ̀gá náà sín, bó ṣe sín ló di òbúkọ, táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ aṣọ ìyàwó náà láti ìsàlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú oúnjẹ, sà." Àgbà ṣáà ni.

"Tìrẹ gbẹ," òbúkọ wí, òwú kún ẹnu rẹ̀. "Sùbèrú ló ni í."

Mo yíjú sí Ìbídùn kí n pè é ní ìràwọ̀ ojú ọ̀run mi. Èéfín ló jáde lẹ́nu mi.

"Gbọ́láhàn, kí ló ń lé ẹ?" ló bi mí. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, o ò lè dúró kó mumi?"

Òbúkọ já wáyà jẹ. Ọ́fíìsì já bọ́. Mo lajú.

Ewúrẹ́ Ìyá Sàúdátù, aládùúgbò wa, ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fi òwú mi ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Ìbídùn gan-an dúró níwájú mi.

"Ṣé tèmi ti ṣe tán? Ti Sùbèrú ti bó mi lọ́fun láàárọ̀ yìí. Ó lóun kì í dá kọ́sítọ́mà dúró."

Kọ́ìlì rẹ̀ wà lórí tábìlì, òwú rẹ̀ funfun, ó gbẹ táútáú. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá ní ó ti ṣe tán. Mo gbé ìgò, mo rọra kán omi sí i.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá," mo wí. "Jókòó."

Ó jókòó, ó bọ́ bàtà rẹ̀. A kàn ń wo ewúrẹ́ tó ń jẹun. Nígbà tó ṣe, ó gbá mi lápá pẹ́ẹ́.

"Gbọ́láhàn, ṣé o lómi níbí? Òùngbẹ ń gbẹ mí."