Ẹni Kan Ṣoṣo Tó Jẹ́ Okun ní Lísíbọ̀nù

Bàbá Sùlèímánì kò tíì lo ọjọ́ kan tán ní Lísíbọ̀nù, olú-ìlú àwọn Potogí, tí òun àti ìlú náà ti ń bára wọn ṣe gbúngbùngbún. Ọ̀rọ̀ ìkíni ló dá a sílẹ̀. Ní Kabba tí bàbá ti wá, níbi tó ti ń ta aṣọ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú, ènìyàn kì í ré ẹni tó jókòó níwájú ilé rẹ̀ kọjá láìwí pé, "Okun o." Ẹni tí a kí á jẹ́ ẹ, á béèrè ilé, á béèrè ọ̀nà, á béèrè ewúrẹ́ pàápàá bí ààyè bá wà. Ìkíni yìí kì í kúrò lẹ́nu wa, òun ni gbogbo ayé sì fi sọ àwa ará Okun lórúkọ.

Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ará Lísíbọ̀nù. Ó kí obìnrin tó ń sá aṣọ lójú fèrèsé. Ó kí ọlọ́pàá. Ó kí ọkùnrin tó ń fa ajá, ó sì fi ajá náà kún un. Kò sẹ́ni tó jẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

"Fàhàd," ni bàbá wí nígbà tí wọ́n ń jẹun, "ta ló kú ní ìlú yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Wọn kì í kí ara wọn bẹ́ẹ̀ níbí ni."

"Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn?"

Fàhàd bu oúnjẹ kún ti bàbá. Òun ni ọmọkùnrin bàbá tó lọ kàwé níbẹ̀. Ayẹyẹ ìgboyè rẹ̀ ló gbé bàbá àti Nàfísàt, àbíkẹ́yìn bàbá, wá. Yàrá kan tí Fàhàd ń gbé ni gbogbo wọn há sí: bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì, Nàfísàt lórí tìmùtìmù, Fàhàd lórí ẹní. Ìlú náà ti gbó, ó kún fún ohun àtijọ́ bámúbámú, ṣùgbọ́n èyí tí kò gbowó nínú wọn ni wọ́n ń wò. Wọ́n wo ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n wo ilé tí wọ́n fi àwo aláràbarà bo ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Wọ́n wo ọkọ̀ ojú irin kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó ń fà gun òkè bí ìgbín, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e. Gàrí àti kúlíkúlí tí wọ́n gbé láti ilé ni oúnjẹ ọ̀sán. Omi wọn, ẹnu ẹ̀rọ tó wà fún gbogbo ènìyàn ní gbangba ni wọ́n ti ń bù ú sínú ike.

Kò sí èyí tó ni Nàfísàt lára nínú gbogbo rẹ̀, àfi ìkíni bàbá. Onítìjú ọmọ ni. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà bàbá ní Kabba fi máa ń na ọrùn bí ó bá ń dárúkọ iye aṣọ. Bí bàbá bá ti la ẹnu kí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí báyìí, Nàfísàt á fà sẹ́yìn, á máa wo ògiri bí ẹni tí kò mọ bàbá rí.

Ó wá di ọjọ́ tí wọn ó padà sílé. Fàhàd ní iṣẹ́ àárọ̀ ní ilé oúnjẹ kan tó ti ń fọ àwo. Ó pe àbúrò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Nàfísàt, fetí sílẹ̀. Màá gbé ẹrù yín wá sí ibùdókọ̀ tó wà nísàlẹ̀ òkè, létí odò. Aago mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì pápákọ̀ òfurufú ń gbéra. Tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù ni a rà, kò ṣe é pààrọ̀. Bí bàálù bá fi yín sílẹ̀, ó ti jóná nìyẹn, a ò sì rówó ra òmíràn. Ọwọ́ ẹ ni Bàbá wà o."

"Èmi ni mo bí i," bàbá dáhùn láti inú yàrá. "Kò sẹ́ni tí mo wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Bàbá àti ọmọ bá gun òkè lọ sí àdúgbò àtijọ́, lábẹ́ ilé odi tó wà lórí òkè. Fàhàd ti sọ fún bàbá pé àwọn Mùsùlùmí ló jọba níbẹ̀ láyé ijọ́un, bàbá sì ń wo ògiri náà bí ẹni tó wá gba ogún. Wọn kò wọlé, nítorí ẹnu ọ̀nà ń gbowó. Ìta ni wọ́n ti wò ó, wọ́n sì wò ó dáadáa.

Omi inú ike tán. Nàfísàt fi bàbá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má kúrò níbí. Mò ń lọ bu omi."

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ta ni mo mọ̀?"

Nígbà tó dé, ẹyẹlé ló bá níbi tí bàbá jókòó sí.

Ó kọ́kọ́ rò pé bàbá lọ ṣe àlùwàlá. Ó wo ẹ̀yìn igi, ó wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù bàbá wà nínú báàgì tí òun fúnra rẹ̀ gbé kọ́ èjìká. Ó bá wọ inú àdúgbò lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ lọ́ bí ìfun àgùntàn. Èyí tó gòkè á tún sọ̀ kalẹ̀, èyí tó sọ̀ kalẹ̀ á tún gbé e padà síbi tó ti wá. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi obìnrin kan bóyá ó rí àgbàlagbà kan tó dé fìlà funfun. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà kò gbọ́ ọ yé, tó sì fọwọ́ júwe ilé ìyàgbẹ́ fún un. Nàfísàt dúpẹ́. Kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe.

Aago ṣọ́ọ̀ṣì lu méjì. Wákàtí kan péré ló kù fún Nàfísàt. Ó dúró sí oríta kan tí àwọn ènìyàn ń kọjá bí omi, ó mọ̀ pé àfi kí òun pariwo. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn fẹ́ pariwo? Orúkọ bàbá ẹni kò ṣe é fi kígbe láàrin ìgboro. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà wọn tó ní oko l'Ógìdì ló sọ sí i lọ́kàn. Ìyá a máa wí pé, "Bí o bá ṣìnà nínú igbó, má pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ohun tí o kò mọ̀ lè jẹ́ ẹ. Ìkíni ni kí o ké. Ènìyàn nìkan ló ń jẹ́ ìkíni."

Nàfísàt tún híjáàbù rẹ̀ ṣe. Ó di ojú.

"Okun o."

Kò kọjá imú rẹ̀. Ó tún un wí, ọkùnrin kan tó ń jẹ áísìkiriìmù bojú wò ó. Ó mí kanlẹ̀, ó fi gbogbo àyà gbé e.

"Okun oooo!"

Àwọn ẹyẹlé fò. Gbogbo oríta yíjú sí i. Àlejò kan tilẹ̀ gbé kámẹ́rà sókè. Fèrèsé kan ṣí lókè ilé àjà méjì, àgbàlagbà Potogí kan onírun-imú funfun yọrí, ó ń dáhùn ní èdè rẹ̀, ó ń fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀ pé òun rè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fìlà bàbá yọ.

"Nàfísàt, kí ló dé tí o ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó? Gòkè wá, oúnjẹ wà."

Nàfísàt sá gun àtẹ̀gùn. Ó bá bàbá nídìí tábìlì, ẹja sísun àti búrẹ́dì níwájú rẹ̀.

"Bàbá, mo ní kí ẹ má kúrò níbẹ̀."

"Mi ò kúrò, wọ́n mú mi kúrò ni. Mo jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ mi, ọkùnrin yìí ń kọjá lọ, mo ní, Okun o. Ó dúró, ó dì mọ́ mi, ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà. Òun nìkan ló ní ẹ̀kọ́ ilé ní gbogbo ìlú yìí."

"Èdè wo ló fi béèrè?"

"Èdè wọn. Ṣé ènìyàn máa ń ṣi ìbéèrè ilé gbọ́ ni?"

Ọmọbìnrin àgbàlagbà náà, Tẹrẹ́sà, wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì là á yé Nàfísàt. Kúnyà ni orúkọ bàbá òun. Ní èdè wọn, bí ènìyàn bá fẹ́ pe ẹnì kan, "ó" ni á fi ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ó Kúnyà. Etí bàbá òun ti ń di, ojú rẹ̀ kò sì ríran jìnnà mọ́. Ó gbọ́ tí ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì ń pe òun, ó rò pé ẹni tí àwọn jọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe ni. Kó tó rí i pé kì í ṣe ẹni yẹn, ó ti dì mọ́ ọn.

"Mo bi í pé kí ló dé tó fi mú un wálé," ni Tẹrẹ́sà wí. "Ó ní ẹni tó mọ orúkọ òun kì í ṣe àlejò. Ìwọ náà tún wá ń kígbe pè é. Ó ní, àwọn wo ló ń wá òun kiri lónìí?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Nàfísàt, ṣùgbọ́n ó wo aago ara ògiri. Aago méjì ààbọ̀ ti kọjá.

"Bàbá, bọ́ọ̀sì."

Tẹrẹ́sà bi í pé bọ́ọ̀sì wo. Bó ṣe gbọ́, ó já kọ́kọ́rọ́ kan lára ìṣó, ó ní kí wọ́n tẹ̀lé òun. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń gbé àwọn arìnrìn-àjò kiri, ó wà nísàlẹ̀ ilé. Bàbá rí i, ojú rẹ̀ là.

"Màrúwá. Wọ́n ní Màrúwá níbí, ẹ sì jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn láti ọjọ́ yìí."

Nàfísàt jókòó níwájú pẹ̀lú Tẹrẹ́sà. Àwọn àgbàlagbà méjèèjì wà lẹ́yìn, nítorí Kúnyà náà ti bọ́ sínú rẹ̀ tòun ti sálúbàtà, kò sẹ́ni tó pè é. Kẹ̀kẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀, òkúta ọ̀nà ń mi wọ́n jìgìjìgì. Inú bàbá dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá kọjá. "Okun o." Bó bá ti wí i, Kúnyà á yíjú sí i, á dáhùn. Bàbá á tún kí ẹlòmíràn, Kúnyà á tún dáhùn.

"Ará ibí kan tún jẹ́," ni bàbá ń wí. "Ṣé o ń gbọ́, Nàfísàt?"

"Mò ń gbọ́, Bàbá."

Nígbà tí wọ́n yọ sí etí odò, ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ti pa. Fàhàd dúró láàrin ẹrù, ó ń fọwọ́ gbá ara bọ́ọ̀sì náà, ó ń bẹ awakọ̀. Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nàfísàt dìde dúró nínú kẹ̀kẹ́, ó ké Okun kan tí Fàhàd, tí wọ́n jọ dàgbà nínú ilé kan, kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Awakọ̀ wo dígí ẹ̀gbẹ́, ó rí ọmọbìnrin tó nàró nínú Màrúwá bí àsíá, ó tẹ bíréèkì. Ilẹ̀kùn ṣí.

Wọ́n ju ẹrù sínú. Fàhàd ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá, ibo lẹ wà? Ta ni bàbá yìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Òun ló ń jẹ́ Okun."

"Bàbá," Nàfísàt fi pẹ̀lẹ́ wí, "Kúnyà ni orúkọ wọn. Wọ́n rò pé ẹ̀ ń pè wọ́n ni."

Bàbá dúró lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó wo Kúnyà tó ń juwọ́ nínú sálúbàtà.

"Èmi náà rò pé ó ń jẹ́ mi," ó ní. "Èwo nínú àwa méjèèjì ló wá ṣì í?"

Awakọ̀ fọn fèrè. Wọ́n jókòó, bọ́ọ̀sì gbéra. Nàfísàt di etí bùbá bàbá mú, ó wé e mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

"O lè tú mi sílẹ̀ báyìí."

"Ó tì o, Bàbá," ni Nàfísàt wí, sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà níwájú fi wẹ̀yìn wò. Kò sì tú u sílẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n jókòó nínú bàálù.