Ìyókù Ìròyìn Ayọ̀

Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, ìlà àwọn èèyàn tó wà níwájú ilé oògùn ti yí kọ́nà. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun sàmì sílẹ̀ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè jìnnà sí ẹnì kejì, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ọ̀dà? Ẹ̀mí ni kálukú ń sá àsálà fún. Bí ẹnì kan bá ṣe ń dé ojú fèrèsé ló ń ké láti inú ìbomú rẹ̀ pé, "Oògùn oríkèé, páálí méjì!"

"Ó ti tán," ni Oníhóró ń dá wọn lóhùn.

Orúkọ tí àdúgbò sọ ọ́ nìyẹn, nítorí ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ka hóró oògùn fún wọn lójú fèrèsé yẹn tí kò ṣì í kà rí. Láàárọ̀ yìí, ó ti wí pé ó ti tán tó ìgbà ogún, ó sì mọ̀ pé ó ku ìgò kan. Ìgò náà wà nínú àpò bébà lábẹ́ tábìlì, wọ́n kọ "Aránṣọ" gàdàgbà sí i lára. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tí kò bá lè gbé ọjọ́ kan láìlo oògùn, wọ́n á ti di tirẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Àìsàn tó ń ṣe Màmá Aránṣọ, ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà. Bí kò bá gbé hóró náà mì láràárọ̀, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ á wú bùkẹ̀, tó bá sì pẹ́, á wọ kíndìnrín. Oògùn tó fi ń rí abẹ́rẹ́ mú lọ́wọ́ ni gbogbo ayé wá ń jà sí yìí, nítorí pé àrùn tuntun wọ̀lú, ọkùnrin olóhùn ńlá kan sì bọ́ sórí rédíò, ó ní òun gbọ́ pé oògùn náà ń wò ó.

Ó gbọ́! Ṣé gbígbọ́ ni wọ́n fi ń wo àìsàn ni? "Olúwa, fi ẹ̀ṣọ́ sí mi lẹ́nu lónìí," ni Oníhóró ń wí sínú ìbomú rẹ̀.

"Irọ́ lẹ ń pa," awakọ̀ takisí kan jágbe mọ́ ọn. "Ẹ ti kó o pamọ́ fáwọn èèyàn ńlá!"

"Ìwọ, ṣé àrùn náà ń ṣe ẹ́ ni?" Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì bi í láti ẹ̀yìn ìlà.

"Kò tíì ṣe mí. Mo fẹ́ lò ó dè é ni."

"O fẹ́ lò ó dè é! Ṣé àlejò ni, tó o fi ń se oúnjẹ dè é?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti awakọ̀, ó fa fóònù yọ. "Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ máa ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin tó mọ̀ nípa oògùn ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ gbọ́ ọ!"

Ohùn náà jáde ketekete: "Ẹ kú àdúrà o, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Àwọn dókítà kan ti ń lo oògùn oríkèé fún àrùn yìí, àwọn kan tó lò ó sì ti dìde."

Ó tán síbẹ̀. Oníhóró mọ ohùn yẹn. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni.

Ìyá Oníhóró ló fi òfin kan sílẹ̀ kó tó kú. Kílẹ̀ tó mọ́ lójoojúmọ́, àwọn ọmọ òun gbọ́dọ̀ kóra jọ, kí kálukú mú ìròyìn ayọ̀ kan wá, bó ti wù kó kéré mọ, kí wọ́n sì fi dúpẹ́. Láti ìgbà tí àrùn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ kálukú, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é, Bọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n wọn, ló sì ń kó ìròyìn náà jọ fún ẹgbẹ́ àdúrà tó ń darí. Lọ́jọ́ tí Oníhóró sọ ọ̀rọ̀ yẹn, òkú méjì ti kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ wo ló fẹ́ rí mú wá? Ìrètí bíńtín yẹn ló rí. Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀! Ó sọ̀rọ̀ síwájú sí i.

Ibi tó ti ń bá ara rẹ̀ jà lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Bọ̀dá Àgbà fúnra rẹ̀ ló wọlé, pẹ̀lú àpò ńlá lọ́wọ́.

"Adúmáadán ọmọ ìyá mi! Eyínfúnjowó! Ọmọ tí wọ́n bí tí ilé kún fáyọ̀!"

"Ẹ má kì mí, Bọ̀dá mi. Orí mi ò wú lónìí. Ta ló gé ọ̀rọ̀ mi?"

"Ọ̀rọ̀ wo? Ogójì èèyàn ló wà nínú ẹgbẹ́ wa. Hóró kọ̀ọ̀kan péré fún wọn."

"Mo ní ta ló gé e! Mo ní, 'Ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá oògùn ló gbé wọn dìde, wọ́n ṣì ń wádìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó.' Ibo ló wà?"

Bọ̀dá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìròyìn ayọ̀ la ní kó o mú wá, o wá mú iyèméjì tẹ̀ lé e. Mo yọ iyèméjì kúrò ni. Ṣé èyí tó kù, irọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń fi ohùn mi pààyàn!"

"Má pariwo mọ́ mi! Ta ni mo pa?"

Bó ti ń sọ ọ́ ni Tíṣà ń ké níta pé kí wọ́n ṣínà. Màmá Aránṣọ ló ń bọ̀, ó fi ìborùn wé ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣì kù kí oògùn rẹ̀ tó yẹ kó tán. Oníhóró ṣílẹ̀kùn, ó fà á wọlé, ó fi í jókòó.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀? Oògùn yín dà?"

"Mo pín in, ọmọ mi. Àwọn ọmọ márùn-ún ló wà nílé wa. Mo ní mo ti dàgbà, káwọn yẹn lò ó kí àrùn má mú wọn." Ó tú ìborùn náà. Àwọn ìka náà ti wú, wọ́n ń dán, wọn ò ṣeé ká. "Ọ̀kan nínú wọn bì, ó bì, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, a gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́run ló yọ ọ́."

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ pín in?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí ìbéèrè yẹn yà lẹ́nu. "Ìwọ ni. Ṣé mo lè gbọ́ ohùn rẹ kí n má mọ̀ ọ́n? Mo ní bó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, ó dájú."

Oníhóró bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó mú ìgò jáde, ó gbé e sí Màmá Aránṣọ lọ́wọ́. Ọmọrí ìgò náà ni irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí i, káwọn ọmọdé má baà ṣí i. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́, ìka kọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dù ú, ìgò yọ̀ bọ́, ó yí lọ síbi ẹsẹ̀ Bọ̀dá Àgbà.

"Ẹ bá wọn ṣí i," Oníhóró wí. Ohùn rẹ̀ ò ròkè mọ́, ṣùgbọ́n ó le.

Bọ̀dá Àgbà mú ìgò náà nílẹ̀. Ó ṣí i, ó da hóró kan sọ́wọ́. Kò síbi tó fẹ́ gbé e sí lára àwọn ìka yẹn, ló bá bẹ̀rẹ̀, ó fi í sí ìyá arúgbó náà lẹ́nu. Oníhóró gbé omi fún un. Nígbà tí Bọ̀dá Àgbà nàró, àpò ńlá rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, kò sì mú un.

"Ọlọ́run á san án fún yín, ọmọ mi," Màmá Aránṣọ sọ fún un, kò mọ̀ ọ́n rí.

Àdúrà yẹn ba Bọ̀dá Àgbà ju èébú lọ. Ó nu ojú.

"Ẹ yọ fóònù yín, Bọ̀dá mi," Oníhóró wí. "Ẹgbẹ́ kan náà tẹ́ ẹ fi ohùn mi ránṣẹ́ sí."

"Kí n sọ pé kí ni, àbúrò mi?"

"Ìyókù."

Awakọ̀ takisí ti ki orí bọ ojú fèrèsé. Bọ̀dá Àgbà gbé fóònù sẹ́nu.

"Ẹ kú àdúrà o," ló wí. Ó dúró, ó wo àwọn ìka wíwú yẹn. "Ṣùgbọ́n..."