Ibi Tí A Ó Dé Sí

Ndinda fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bẹ́ẹ̀dì náà, ó jókòó sórí rẹ̀, ó mi ara lọ sókè sódò. Irin bẹ́ẹ̀dì ké. Obìnrin tó ni ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka oore ilé rẹ̀ fún wọn: omi kì í lọ, iná kì í ṣẹ́jú, béèyàn bá sì na ọrùn díẹ̀ lójú fèrèsé, á rí òkun.

"Ẹni tí kò ga ńkọ́, mà?" Mutheu bi í. Ọmọ ọdún méjìlá ni.

Ndinda fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Ilé kejì tí wọ́n wò láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Bọ́ọ̀sì tó gbé wọn láti Machakos ti já wọn sílẹ̀ ní Mombasa láti agogo méje. Kyalo ọkọ rẹ̀ wà nílé oúnjẹ kan létí títì ní àdúgbò Bamburi, òun àti ẹrù àti Musembi, ọmọ ọwọ́ wọn tó sùn lọ; Kyalo ń jẹ ọ̀dùnkún díndín. "Ìwọ ni kó o yan ibi tí a ó dé sí lọ́dún yìí," ló wí. Nígbà tí wọ́n ti ń lọ ló wá fi kún un pé, "Ilé Bàbá Bakari náà ṣì wà níbẹ̀ o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bá Ndinda rìn kiri. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Kyalo àti Mwikali, ìyàwó rẹ̀ tó kú, lo ìsinmi oṣù kẹjọ nílé Bàbá Bakari. Bí Ndinda bá ní ibòmíràn ló wu òun, wọn á ní ó fẹ́ pa orúkọ ìyá Mutheu rẹ́. Bó bá sì gbà, orí bẹ́ẹ̀dì obìnrin náà ni yóò máa sùn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Láti ọdún méjì tó ti wọlé Kyalo, kò tí ì dárúkọ Mwikali lójú ọmọ náà rí. Kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ilé àkọ́kọ́ ló wù ú jù, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìyá àgbà kan tó ń hun ẹní tà. Fèrèsé wà níwájú, fèrèsé wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ń gba inú ilé kọjá fẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà sí òkun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó wu òun.

"Ó ku ibì kan," ó sọ fún Mutheu. "Jẹ́ ká lọ kí Bàbá Bakari."

Ọmọ náà gbọn èjìká.

Bàbá arúgbó náà rí Mutheu, ojú rẹ̀ tàn. "Ìwọ rèé? O ti ga tó ìyá ẹ." Ó tètè yíjú sí Ndinda. "Ẹ kú ọ̀nà, ìyàwó wa. Ẹ wọlé. Mi ò pààrọ̀ nǹkan kan o."

Òótọ́ ni, kò pààrọ̀ nǹkan kan. Òkun wà níwájú ilé gan-an, ṣùgbọ́n ooru yàrá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé dì mú. Bàbá Bakari lọ bu omi wá. Ndinda gbìyànjú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ibí la ó gbé," ó sọ. "Ṣé inú ẹ dùn?"

Mutheu tan fáànù. Fáànù náà yí lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ràn ibí ni?"

"Màmá ẹ fẹ́ràn ibí."

Mutheu wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé iyọ̀ dùn bí oyin. "Màmá mi? Wọn ò fẹ́ràn ibí rárá. Dádì àti Bàbá Bakari á máa ta ayò látàárọ̀ dalẹ́, èmi àti màmá mi á wá sùn sórí símẹ́ńtì nítorí ooru. Wọ́n á ní, 'Bàbá Mutheu, ayò lẹ wá ta, ẹ ò wá sinmi.'"

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ibí."

Ndinda jókòó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, omijé tẹ̀ lé e, ó sì fi etí aṣọ nu méjèèjì pọ̀. Nígbà tí omi dé, ó mu ún tán, ó wá sọ fún Bàbá Bakari pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ pé ooru ò bá ọmọ ọwọ́ òun lára mu, ṣùgbọ́n ọkọ òun á máa wá ta ayò lọ́sọ̀ọ̀sán.

"Ìyẹn ni mo ń dúró dè," bàbá náà fèsì. "Ilé á rí ẹni gbé. Ẹni tí mo lè nà nínú ayò ló ṣọ̀wọ́n."

Níta, Ndinda pe Kyalo lórí fóònù. "A ti rí ibi. Ilé ìyá ẹlẹ́ní kan."

"Bàbá Bakari ńkọ́?"

"Ọmọ ẹ ní màmá òun ò fẹ́ràn ibẹ̀."

Ndinda gbọ́ tí Kyalo ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọdọọdún ni ìyá ẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ó wí. "Mò ń kó ẹrù bọ̀."

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan rọra dúró níwájú wọn. Ndinda juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Ó di àpò tó wà léjìká dáadáa, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n.

"Mwikali," ó wí. Orúkọ náà kò wúwo lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe rò. "Kí ni nǹkan mìíràn tí kò fẹ́ràn?"

Mutheu ronú díẹ̀. "Iyanrìn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹja tí orí ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Àti orin tí Dádì máa ń kọ ní balùwẹ̀."

"Èmi náà ò fẹ́ràn orin yẹn," Ndinda sọ, wọ́n sì ń rìn lọ.