Màmá Kì í Ṣe Iwin

Dúpẹ́olúwa kò kọ́kọ́ bínú sí ìwé náà. Ó yẹ kí n tètè sọ èyí, nítorí àwọn kan wà ní Ọ̀fà tó ń sọ ọ́ kiri pé ìlara ló bá a jà.

Tíṣà obìnrin ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ sítòsí ojú irin. Káfíńtà rélùwéè ni bàbá àgbà yẹn. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó bá wọn ṣiṣẹ́ níbi ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èkó, fèrèsé ibẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lójú débi pé nígbà tó fẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀, ó ní fèrèsé gígùn tóóró, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ọwọ́ ẹni tó ń gbàdúrà, lòun ń fẹ́. Ó fi gíláàsì pupa àti aró sí wọn lórí. Ó fi pákó ṣe àtẹ̀gùn tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Bí oòrùn àárọ̀ bá ti wọlé, gbogbo ilẹ̀ pálọ̀ òkè á di aláwọ̀ mèremère. Dúpẹ́olúwa fẹ́ràn ilé yẹn ju aṣọ lọ, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju wúrà lọ. Àmọ́ Adétóyè, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Àbújá, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òrùlé ń jò, pákó ti jẹrà, kí àwọn wó o kí àwọn sì fi ilẹ̀ náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ kan tó ń jẹ́ Olúwabùnmi wá gba yàrá kan nísàlẹ̀ ilé. Ọmọ tó mọ̀wàá hù ni. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á gun òkè lọ bá Màmá, ìyá Dúpẹ́olúwa, á jókòó sórí ẹní, Màmá á sì máa pìtàn fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó parí ìsìnrú ìlú rẹ̀, Màmá yọ aṣọ òfì kan nínú àpótí ara rẹ̀ fún un, ó ní bí ìyá bá fẹ́ràn ọmọ, aṣọ ló ń fún un.

Ọdún mélòó kan kọjá, ni ìwé tí Olúwabùnmi kọ bá jáde. Àwòrán ilé náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, fèrèsé ṣóńṣó, òrùlé tó ti dógùn-ún, gbogbo rẹ̀. Nínú ìwé náà, ìyálé kan ti ìyàwó kékeré mọ́ yàrá òkè, kò fún un lóúnjẹ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, títí ó fi kú. Láti ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ ti ń sọkún nínú ògiri.

Dúpẹ́olúwa ka ìwé náà, kò lè gbé e kalẹ̀. Ó dùn. Òun tí wọ́n bí sínú ilé yẹn, ẹ̀rù àtẹ̀gùn wá ń bà á. Ó rí ìtàn Màmá tí Olúwabùnmi yí padà níbẹ̀, ó sì dùn ún díẹ̀, àmọ́ ó sọ fún ara rẹ̀ pé àròsọ ni. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ìlọrin, láti Ìbàdàn, láti Èkó. Wọ́n á dúró níwájú ilé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á máa sọ pé ilé báyìí ṣì kù nílẹ̀ yìí. Adétóyè gbọ́ nípa rẹ̀ ní Àbújá, kò sì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Dúpẹ́olúwa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó tilẹ̀ ń gbá iwájú ilé dè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló yí nǹkan padà. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ohun tó kù tó ń dùn mọ́ ọn ni kó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó máa kí àwọn tó ń kọjá, kó máa bi wọ́n léèrè ọmọ àti ìyàwó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ funfun báláú lẹ́yìn gíláàsì pupa. Ó gbé fọ́tò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Iwin ilé náà rèé." Fóònù dé fóònù ló ń gbà kiri. Àwọn ọmọdé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa ń wá kọrin fún Màmá kò wá mọ́. Nígbà tí Dúpẹ́olúwa béèrè, olùkọ́ wọn ń wo ilẹ̀, ó ní àwọn òbí wọn kò fẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọ̀dọ́ kan ń kọjá lọ lórí ọ̀kadà, wọ́n pariwo "iwin!" wọ́n sì sọ òkò. Gíláàsì fọ́ dà sórí ẹsẹ̀ Màmá. Bí Dúpẹ́olúwa ṣe ń ṣà á kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá béèrè ohun tí wọ́n pe òun. Kò lè purọ́ fún un. Màmá ní kó mú ìwé náà wá, kó kà á. Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti ti ìyàwó náà mọ́lé. Màmá gbọ́wọ́ sókè pé ó tó.

"Bùnmi ló kọ èyí? Bùnmi tèmi?"

Lẹ́yìn náà ó ní kí ó fa kọ́tìnnì.

Láti ọjọ́ yẹn ni inú ti ń bí Dúpẹ́olúwa. Ó fi oúnjẹ sẹ́nu, kò dùn. Ó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ohun tó fẹ́ sọ fún Olúwabùnmi ló ń sọ.

Kò pẹ́ tó fi rí i sọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, bọ́ọ̀sì dúró níwájú ilé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Taofeek, tó máa ń kó àwọn arìnrìn-àjò káàkiri, ló kó àwọn òǹkàwé wá, Olúwabùnmi fúnra rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ó fẹ́ ka ìwé rẹ̀ sétí wọn lójúde ilé náà. Adétóyè ló fọwọ́ sí i láti Àbújá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Olúwabùnmi kúnlẹ̀, ó béèrè Màmá.

"Wọ́n wà lókè," Dúpẹ́olúwa dá a lóhùn. "Àwọn ni iwin tí àwọn èèyàn rẹ wá wò."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní àròsọ ni, òun ti yí orúkọ padà, kò sí ibì kan tí wọ́n ti dárúkọ Màmá.

"O yí orúkọ èèyàn padà. Kí ló dé tí o kò yí ilé padà? Ta ni kò mọ ilé tó ní fèrèsé báyìí ní Ọ̀fà? Ta ni kò mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀?"

Olúwabùnmi ní bí kì í bá ṣe ìwé òun, wọn ì bá ti wó ilé náà. Òótọ́ ni, òótọ́ náà ló sì bí Dúpẹ́olúwa nínú jù.

"Ilé ni wọ́n fẹ́ràn," ó ní. "Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ lókò."

Ó wá yíjú sí àwọn àlejò, ó sọ òótọ́ ìtàn náà fún wọn. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ni obìnrin yàrá òkè yẹn, Àyànfẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ikọ́ ife ló mú un. Ọkọ rẹ̀ sá, àwọn ará ilé kò jẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Màmá nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ. Àyànfẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń ti ilẹ̀kùn, kí àwọn ọmọdé má baà wọlé kí ikọ́ má baà ràn wọ́n. Orí itan Màmá ló kú sí.

Àwọn kan sọ fóònù wọn sínú àpò. Obìnrin kan, omi lójú rẹ̀, sún mọ́ Dúpẹ́olúwa, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Mummy, yàrá wo ló kú sí? Ṣé a lè wò ó díẹ̀?"

Dúpẹ́olúwa sọ fún Taofeek pé kó kó wọn kúrò kí òun tó hùwà tí kò yẹ tíṣà. Taofeek kó wọn lọ.

Olúwabùnmi kò bá wọn wọ bọ́ọ̀sì. Ó dúró, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí Màmá. Dúpẹ́olúwa ì bá lé e, àmọ́ Màmá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkè, ó ní kó wá.

Olúwabùnmi kúnlẹ̀ sórí ẹní tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀.

"Àyànfẹ́ kò bímọ," Màmá ní. "Bí mo bá kú, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ fún ẹ nìyẹn. Mo ní ọmọ tó mọ̀wé ni ọ́, pé wàá fi í pa mọ́ fún mi. O gbé e lọ, o fi ń dẹ́rù ba èèyàn."

Olúwabùnmi sọkún. Màmá tó máa ń nu ojú ọmọ ẹlòmíì kò na ọwọ́ sí i. Ó ní kó máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Olúwabùnmi kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn pé àwọn tó tẹ ìwé náà máa yọ àwòrán ilé náà kúrò lẹ́yìn ìwé, àti pé òun máa kọ orúkọ Àyànfẹ́ síwájú rẹ̀. Dúpẹ́olúwa kò fèsì. Àwọn èèyàn kò yé wá. Adétóyè pè, ó ní kí wọ́n kúkú máa gba owó ìwọlé, àbí kí wọ́n padà sọ́rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Dúpẹ́olúwa sọ ohun kan fún un tí kò tíì sọ fún un rí láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà lọ́mọdé, ó sì pa fóònù.

Ó pe bíríkìlà láti Ìjàgbó. Wọ́n mọ ògiri gíga yí ilé náà ká, ògiri búlọ́ọ̀kù lásán, wọn kò rẹ́ ẹ, wọn kò kùn ún. Láti ojú títì, òrùlé nìkan lèèyàn ń rí báyìí. Àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ta ló ṣe irú èyí, ta ló ba ẹwà ilé àtayébáyé jẹ́ tó báyìí. Ó máa ń gbọ́ wọn láti inú. Nígbà mìíràn á dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Èmi ni."