Ọjọ́ Tí Pápá Kún

Ìlú náà kò kéré, kò sì tóbi. Ó dà bí ẹni tí ẹ̀wù àgbà ń wọ́ nílẹ̀ lára rẹ̀, tí ti ọmọdé sì há a lápá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ti na gbogbo àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n sì ti débi tó yẹ kí wọ́n wọ líìgì àgbà, àfi bí àjọ líìgì ṣe ní ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Wọ́n ní ká mọ bọ́ọ̀lù gbá yàtọ̀, ká ní èrò tí yóò máa wò ó yàtọ̀. Àwọn máa rán olùbẹ̀wò wá. Bí ìjókòó kò bá kún, àwọn á gbé ẹgbẹ́ náà lọ fún ìlú ńlá kan.

Àbùkù ìlú náà ò sì ju ẹyọ kan lọ: bí bọ́ọ̀lù bá ti ku díẹ̀ kó parí, èrò á dìde, wọ́n á máa sáré bá bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí Alága ẹgbẹ́ fi ní kí baba tó ń ṣọ́ géètì, tí gbogbo ayé ń pè ní Kọ́kọ́rọ́, fi àgádágodo ti géètì tí wọ́n bá ti wọlé tán, kí òun náà sì wá ibì kan jókòó sí, torí àyè kan ò gbọdọ̀ ṣófo. Wọ́n kó àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì wá. Ẹgbẹ́ télọ̀ dé tòun ti téépù lọ́rùn. Ìyá Alága, tó ní bọ́ọ̀lù ò yàtọ̀ sí kí àgbàlagbà máa lé ọsàn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú tìmùtìmù tó gbé wá látilé.

Aláriwo ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń fi máìkì kéde níbẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó alátẹ̀gùn gan-an: tábìlì kan, máìkì kan, fáànù tó ń mirí bí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ò wọ̀ létí, fèrèsé tóóró kan tó kọjú sí pápá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti wọ oṣù kẹjọ nínú oyún, jókòó sókè orí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ wá. Ó ní, "Wá jàre, méjì ni wọ́n máa kà ọ́ sí."

Bọ́ọ̀lù ti wọ ìlàjì kejì nígbà tí ìyẹ̀fun funfun kan já bọ́ sórí máìkì. Aláriwo fẹ́ ẹ dànù. Òmíràn já bọ́. Ó gbójú sókè.

Ògiri ti sán láti òkè àjà dé orí ilẹ̀kùn. Nígbà tó wọlé láàárọ̀, èékánná nìkan ló lè wọ ibẹ̀. Ó ki ìka bọ̀ ọ́ báyìí, ìka wọlé tán. Ní gbogbo ìgbà tí èrò bá fò sókè, ihò náà á là, á tún pa dé, bí ẹnu ẹni tó ń sùn. Ilé kì í mí. Ẹni tó bá bá ilé níbi tó ti ń mí, kó má béèrè ohun tó ń ṣe é.

Alága wọlé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Aláriwo, ṣé o rí èrò? Obìnrin olùbẹ̀wò yẹn ò tíì lè pa ẹnu dé."

"Alága, ẹ wo ògiri yìí."

"Mo ti wò ó. Ògiri ni."

"Ẹ wo inú ẹ̀."

Alága wo inú ẹ̀. Ẹ̀rín náà há sí i léyín. "Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

"Kò rí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Ẹ jẹ́ n ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀."

Alága fi ọwọ́ bo máìkì. "O fẹ́ tú ìlú ká? Iléeṣẹ́ bíríkì ti kú, rélùwéè ò dúró lọ́dọ̀ wa mọ́. Bọ́ọ̀lù yìí nìkan ni wọ́n fi ń rántí pé a wà láyé. Ó ku díẹ̀ kó parí. Ògiri tó ti dúró látìgbà yìí, ṣé kò lè ní sùúrù ni?"

"Níbo ni màmá yín jókòó sí?"

Alága nàka sókè. Ìka náà ò padà wálẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ihò, àfi bó ṣe gan máìkì mú. "Ẹ sá–"

Aláriwo já a gbà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu. Ẹni tí kò fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ló tún wá ń dí lẹ́nu. "Ẹ fẹ́ kí wọ́n tẹ ara wọn pa ni? Ibo ni wọ́n fẹ́ sá gbà? Ta ló wà nídìí géètì?"

"Kọ́kọ́rọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ó wà lókè. Láàárín wọn."

Fèrè dún. Rẹfirí nàka sí iwájú ilé: pẹ́nátì, wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ, ẹgbẹ́ wọn ló sì ni ín. Ariwo sọ lókè orí wọn, ihò náà là, kò sì pa dé mọ́. Bí bọ́ọ̀lù yìí bá wọlé, gbogbo ìlú máa fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí Aláriwo, kò tíì bẹ Ọlọ́run rí pé kí àwọn tirẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sóde. Ó fi oyin sóhùn.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fara balẹ̀. Ìwọ tó fẹ́ gbá a, gbé bọ́ọ̀lù yẹn dání, dúró ná. Olùbẹ̀wò wa ní òun fẹ́ ya fọ́tò gbogbo ìlú lórí koríko. Àwọn tó wà ní ìlà ìsàlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Aláboyún àtàgbàlagbà ló ń jókòó níwájú, ẹ yà fún wọn. Ẹni tó bá sáré, aṣọ ẹ̀ á rún, fọ́tò ò sì mọ irọ́ pa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Ẹsẹ̀ nìkan ni fèrèsé náà ń jẹ́ kó rí: bàtà aláwọ̀, bàtà rọ́bà, pátákò gíga. Tìmùtìmù kan kọjá pẹ̀lú ẹni tó gbé e, Alága mí kanlẹ̀, ó sì jáde bí ọfà. Aláriwo ò kúrò nídìí máìkì. Ó ń ṣàwàdà, ó ń wá sálúbàtà pupa tó wà lẹ́sẹ̀ wíwú ọmọ rẹ̀. Kọnkéré já bọ́ sí i léjìká. Ẹsẹ̀ ń dín kù. Pupa kankan ò sí níbẹ̀. Ó sọ àwàdà kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Ó wá rí i. Ọ̀kan, ìkejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wọn ilẹ̀. Ó fi máìkì sílẹ̀ ní títàn, ó sá jáde.

Rẹfirí ti fọn fèrè ìparí. Òfin líìgì ni: bí èrò bá ti wọ pápá, bọ́ọ̀lù ti bàjẹ́. Olùbẹ̀wò náà dúró láàárín àwọn tó ń tún fìlà ṣe.

"Ta ló ní mo fẹ́ ya fọ́tò?"

"Èmi ni, mà. Irọ́ ni mo pa. Ìjókòó yẹn fẹ́ wó."

Gbogbo wọn yíjú wò ó. Ìjókòó náà dúró ṣánṣán bí ọkọ ìyàwó.

"Ó fẹ́ wó?" télọ̀ kan bi í. "Ìlú lo wó. Wọ́n á gbé ẹgbẹ́ yìí lọ nítorí ẹnu ẹ."

Àwọn kan kọrí padà sókè láti lọ gba àyè wọn. Ọmọ Aláriwo dì í lápá. "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?"

Irọ́ kan ṣoṣo péré ì bá tó. "Kò dá mi lójú. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ọmọ náà fi apá rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá fìdí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọgbà kékeré tó ya koríko àti ìjókòó sọ́tọ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè, kó dá mi kọjá."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ fẹsẹ̀ dá aláboyún kọjá lójú gbogbo ìlú. Wọ́n dúró, wọ́n ń ráhùn. Ẹnu ìráhùn náà ni wọ́n wà tí nǹkan fi dún bí ẹni ń fa aṣọ ya. Àárín ìjókòó náà rì wọnú ara rẹ̀. Máìkì ṣì wà ní títàn, gbogbo ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó yí pápá ká sì gbé ìró yàrá náà sáfẹ́fẹ́: tábìlì kán, fáànù kán, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Eruku bo gbogbo wọn.

"Mà," Alága sọ nígbà tó ṣe, ó ń dì mọ́ ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, "ṣé èrò wa tó?"

"Èrò yín tó," obìnrin náà fèsì. "Ibi tẹ́ ẹ máa kó wọn sí ni kò sí. Ẹgbẹ́ yín ò wọ líìgì àgbà lọ́dún yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú ka ará ilé ẹ̀, bóyá wọ́n pé."

Ní inú eruku náà ni ilé kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn, ìyá ń pe ọmọ, ọkọ ń pe aya, ẹni tí wọ́n pè ń dáhùn. Aláriwo náà pe ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí, ọwọ́ ọmọ wà nínú ọwọ́ baba, síbẹ̀ ó pè é.

"Mo wà níbí, Bàbá."

Ó tún pè é.