Áàpù Tí Kò Lè Dá Dìde

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí ara mi ṣe rí lọ́jọ́ náà, ara mi ò balẹ̀ rárá. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa tú báńdéèjì lójú màámi, ní ilé ìwòsàn ojú tó wà ní òdìkejì ìlú. Ọdún mẹ́ta lojú wọn fi ṣú kí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ sí i. Màámi ti sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ojú ẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Má jẹ̀ẹ́ kí n retí ẹ tì o." Mo ní mo gbọ́. Aago kan ti lù, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ní ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń bá kọ̀ǹpútà jà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò ju ẹyọ kan lọ. Áàpù kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ àwọn firíìjì tí a ń kó ẹ̀jẹ̀ sí. Bí firíìjì kan bá ń gbóná, áàpù á pe fóònù ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, kó dá dìde fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí iná bá dé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí i. Mo ti sọ fún ọ̀gá wa láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn pé mo ti ṣe é tán. Irọ́ ni! Èmi ni mo ń wá fọwọ́ ara mi ṣí i láràárọ̀, títí kan Sọ́ńdè. Màámi gan-an, mi ò tíì fojú kàn wọ́n láti ọdún tó kọjá. Orí fóònù la ti ń kíra.

Lọ́jọ́ yẹn, àwọn oníná wá tún wáyà ṣe. Títí ilẹ̀ á fi ṣú ni wọ́n á máa pa iná, tí wọ́n á máa tàn án. Gbogbo ìgbà tí iná bá ti lọ, áàpù á sùn, á máa dúró de ọwọ́ mi. Tí mo bá lọ, tí firíìjì sì gbóná, ta ni yóò mọ̀?

Màmá Láàbù, ọ̀gá wa, yọjú. "O ò tíì lọ? Ṣebí òní ni ti ìyá ẹ?"

"Mò ń lọ, Mà. Nǹkan kékeré kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò."

Irọ́ tún gorí irọ́.

Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án. Áàpù ní òun ti bẹ̀rẹ̀. Kí n tó mí, ó ti kú. Mo fọwọ́ ṣí i, ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo dá a padà sábẹ́lẹ̀, ó tún kú. Áà! Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Mo wo fáìlì tó máa ń kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí bí nǹkan bá dí i lọ́wọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rò pé bóyá ó ń kánjú jù, mo ní kó dúró fún ìṣẹ́jú kan kó tó dìde. Ó dúró o, ó dúró tán ló kú. Mo yọ ọ́ kúrò pátápátá, mo tún un gbé sí i, pàbó ló já sí.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, ó ti wà lọ́dọ̀ màámi láti àárọ̀.

"Níbo lo dé?"

"Mo ti wà lọ́nà."

"Ọ̀nà wo? Ṣebí fáànù ọ́fíìsì yín ni mò ń gbọ́ yìí. Àbí wọ́n ti fi ẹ́ fún kọ̀ǹpútà ṣaya ni?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre!"

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bi ara mi léèrè: tí mo bá fọwọ́ ṣí i, èmi ni mo ṣí i. Tó bá wà lábẹ́lẹ̀, ta ló ń ṣí i? Kì í ṣe èmi. Orúkọ ìwọlé mìíràn, tí kì í ṣe tèmi, ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bá fi orúkọ yẹn wọlé, mo ṣí áàpù. Kíá ló fọhùn: o ò láṣẹ láti wọ fódà yìí. Fódà wo? Fódà tèmi! Ibẹ̀ ni mo kó gbogbo ohun tí áàpù fẹ́ kà sí, ibẹ̀ náà ni mo ní kó máa kọ ẹ̀sùn sí. Nígbà kan tí akẹgbẹ́ mi lọ da nọ́ńbà rú níbẹ̀, inú bí mi, mo tì í pa mọ́ gbogbo ayé, ó ku èmi nìkan. Áàpù ò rọ́nà wọlé, kò sì ríbi ṣàròyé. Àfọwọ́fà gbáà! Èmi nìkan ló wà nínú yàrá yẹn, síbẹ̀ ojú tì mí.

Mo kó gbogbo ẹ̀ lọ síbi tí orúkọ yẹn lè dé. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Mo yọ ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn òtútù nínú firíìjì, mo dì í mú sínú àtẹ́lẹwọ́ mi kó lè gbóná. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Fóònù mi dún. Mo figbe ta, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ní mò ń bọ̀!"

Áàpù ni. Ẹ̀rín pa mí. Mo dá ẹ̀rọ padà sáyè ẹ̀, mo fi nọ́ńbà Màmá Láàbù rọ́pò tèmi, mo sì sáré bá wọn ní yàrá wọn.

"Mà, mo parọ́ fún yín. Kò dá ṣiṣẹ́ rí, òní yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí fóònù yín bá dún, firíìjì ni. Ẹ máà bínú."

Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Aago mẹ́rin àbọ̀ kọjá kí n tó dé. Wọ́n ti tú báńdéèjì. Bọ̀ọ̀dá mi ti lọ gba oògùn. Màámi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo ìka ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú mi dùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì," ni wọ́n wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìta. Mò ń retí ọmọ mi obìnrin."

Òótọ́ ni pé mi ò tíì bọ́ aṣọ funfun ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹjọ́ aṣọ nìkan. Irun iwájú mi ti hewú, mo ti rù, mi ò sì sọ fún wọn lórí fóònù rí. Mo kúnlẹ̀.

"Màámi, èmi nì yí."

Wọ́n ṣe háà, wọ́n mọ ohùn mi. Wọ́n tún mi wò, wọ́n wò mí títí, wọn ò rí ọmọ tí wọ́n mọ̀ lójú mi. Ni wọ́n bá di ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún wọn náà pa, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ wá imú mi, wọ́n fọwọ́ wá ẹnu mi.

"Òun ni," wọ́n ní. "Òun ni."

Mo bú sẹ́kún. Wọn ò bi mí pé kí ló dá mi dúró.