Ìyẹ́ Àyà Pẹ́pẹ́yẹ

Omi ń kán tó, tó, tó láti etí jákẹ́ẹ̀tì náà sórí iyanrìn nígbà tí Fáìzàh jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Lánàá, jákẹ́ẹ̀tì yìí wú bí ìrọ̀rí tuntun. Láàárọ̀ yìí, ó rọ̀ jọwọrọ lórí okùn bí adìyẹ tí òjò pa, òórùn adìyẹ bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ń jáde lára rẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Abibat, ń da omi ọṣẹ nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Inú rẹ̀ dùn.

"Mo ti bá ọ fọ̀ ọ́. Ta ló mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ kó tó dé ọjà Òkè-Ṣópẹ́n? Bóyá ajá ti lá a. O ò lè fi nàjísì kírun nílùú onílùú."

Nínú ilé wọn, kò sí aṣọ òkìrìkà tó ń kan ara ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé omi ti kọjá lára rẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta. Fáìzàh ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, kó ní ti èyí yàtọ̀.

Ọ̀la ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ máa gbéra lọ sí Kánádà, níbi tó ti fẹ́ lọ kàwé. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ kan sì wà tí wọ́n bí i mọ́: bí òtútù bá mú un, eegun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Nítorí àìsàn yìí ni ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ níwèé nílé. Ọyẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó lásán ti gbé e dùbúlẹ̀ rí. Abibat sì ti sọ ọ́ láìpariwo pé bí òun ò bá rí aṣọ tó fọkàn òun balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jiyàn lọ́jà. Jákẹ́ẹ̀tì méjì ló wà níwájú wọn. Ọ̀kan wúwo bí àpò gààrí, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n kọ sára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Èkejì fúyẹ́, ẹgbẹ̀rin ló wà lára tirẹ̀.

"Èyí tó wúwo ni," ìyá rẹ̀ ní. "Ìyẹn ò yàtọ̀ sí aṣọ ìnujú."

"Màámi, ìyẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú àwọn méjèèjì. Bí ìyẹ́ náà ṣe lè wú tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Bí ẹ bá bu ìwọ̀n kan náà látinú méjèèjì sínú ìgò, ti ẹlẹ́gbẹ̀rin á ga ju èkejì lọ. Afẹ́fẹ́ tó bá há sáàárín rẹ̀ ló ń dí òtútù lọ́nà."

"Afẹ́fẹ́? Afẹ́fẹ́ lo fẹ́ wọ̀ wọnú yìnyín?"

Obìnrin tó ń tajà bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Fáìzàh dé ọrùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò dákẹ́. Ẹlẹ́gbẹ̀rin ni wọ́n rà.

Wàyí o, afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀.

Ó gbé e kúrò lórí okùn, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú oòrùn. Wọ́n ti rán jákẹ́ẹ̀tì náà ní ìlà-ìlà. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ìyẹ́ ti ṣù jọ sí kọ̀rọ̀ kan, kò tó ìkúnwọ́ ọmọdé.

"Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?" Ohùn Abibat ti yí padà.

"Bí omi bá wọ ìyẹ́, kì í wú mọ́, Màámi. Àfi tó bá gbẹ dénú, tí a sì tú u."

Ìyá Síkírù, aládùúgbò wọn, yọjú lórí ògiri. "Abibat, pẹ́pẹ́yẹ ta lẹ pa tẹ́ ẹ ò pè wá?"

"Tìẹ ni. Lọ ka ìyókù wò."

Ṣùgbọ́n Abibat ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ ti ẹní, ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí ìyẹ́ ṣù sí, ó rọra ń tú u ká láti òde aṣọ.

"Bí òwú ìrọ̀rí ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Bí ọyẹ́ bá ti dé, ìyá mi á kó gbogbo ìrọ̀rí síta. Báyìí la ṣe máa ń tú wọn, láìtú ojú rírán."

Àwọn méjèèjì jọ ń tú u. Oòrùn ń ràn, eruku ọyẹ́ ń fẹ́. Nígbà tí fóònù dún, Luqman, ẹ̀gbọ́n Fáìzàh tó ti wà ní Kánádà, ni. Fáìzàh fi ohùn rẹ̀ síta kí ìyá wọn lè gbọ́, ó sì sọ nọ́ńbà ara jákẹ́ẹ̀tì náà fún un.

"Ẹgbẹ̀rin dáa," ó ní. "Ṣé ìyẹ́ inú rẹ̀ sì pọ̀? Nọ́ńbà yẹn ò sọ iye tí wọ́n kó sí i o."

Fáìzàh wo ìṣù kékeré tó wà lábẹ́ ìka rẹ̀. Kò rò ó débẹ̀.

"Ohun tí mò ń wí lọ́jà kọ́ nìyẹn?" ni ìyá rẹ̀ ní. "Mo ní ká mú èyí tó ní nǹkan nínú."

"Ẹ jàre díẹ̀, Màámi."

"Díẹ̀ kẹ̀?" Ó ju ẹ̀wù òtútù tí òun fúnra rẹ̀ fi irun àgùntàn hun sórí ẹní. "Wàá wọ èyí sábẹ́ rẹ̀."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Abibat fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àyà jákẹ́ẹ̀tì náà mọ́lẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Aṣọ náà rọra ń bá ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ sókè. Ó tún un tẹ̀. Ó tún wú. Ó wá gbé e wọ̀, ó fa síìpù rẹ̀ dé àgbọ̀n, ó jókòó sórí àga nínú oòrùn.

"Abibat, ṣé kò sí nǹkan o?" Ìyá Síkírù tún ni.

Òógùn ń ṣàn lójú Abibat.

"Màámi, ẹ bọ́ ọ. Ooru á mú yín."

"Jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n dáadáa ná."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ ti ń tutù nígbà tó bọ́ ọ, tó gbé e wọ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn, tó sì fa síìpù náà fún un bíi ti ọmọ tó ń lọ sílé kéú.

Jákẹ́ẹ̀tì náà ti móoru kí Fáìzàh tó wọnú rẹ̀. Ó ti kà á pé ìyẹ́ kì í dá ooru kankan ní, ohun tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá mú wá ló ń dá dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn aṣọ náà mú, kí ooru náà má bàa jáde.